"Tàbí": Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Wà Láàárín Owó Ìtanràn àti Ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin òǹkàwé tí a kò tíì pàdé rí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni "tàbí". Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe máa ń jáde ní kóòtù: "Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦90,000." Gbólóhùn yìí kì í ṣe èyí tí mo hun fúnra mi, bí mo ti máa ń hun àpẹẹrẹ sójú pátákó nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó dè kíkiri ọjà lójú títì, òfin ọdún 2003, ló ti wá. Ní oṣù keje ọdún 2016 ni Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé rán ará Èkó létí pé òfin náà kò tíì kú, àti pé yóò mú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà pọ̀.

Ní ọdún 2016 yẹn, ₦18,000 lóṣù ni owó tó kéré jù lọ tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó oṣù márùn-ún gbáko ni ₦90,000, láìjẹ, láìmu, láìwọ mọ́tò. Ẹni tó ń gba owó oṣù sì nìyẹn o. Kí ni ká wá sọ nípa ìyá tí gbogbo ọjà orí àtẹ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye náà?

Ẹni tó bá ti ná ọjà Jankárà rí mọ irú ẹni tí mò ń wí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọjà náà wà, lẹ́bàá Adénìjí Àdèlé, kò jìnnà sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò, kò sì jìnnà sí Ìgá Ìdúngànràn tí í ṣe ààfin Ọba Èkó. Àdìrẹ, ìlẹ̀kẹ̀, ewé àti egbò, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ìsọ̀ ń tà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò ní, á tẹ́ àpò sílẹ̀ létí títì, á to ata márùn-ún-márùn-ún lé e lórí. Ibi tí ọjà parí sí àti ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí i, pàápàá nígbà ọdún. Bí àwọn KAI tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, onísọ̀ á jókòó jẹ́ẹ́, alátẹ á ki eré mọ́lẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ló ń lọ gbọ́ "tàbí".

Àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn ní kíláàsì mi (ẹ mọ ara yín) yóò rántí ohun tí mo máa ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí. "Tàbí" máa ń so ohun méjì pọ̀, á sì fi ìkan sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti mú. "Iyán tàbí àmàlà?" Ìwọ tí wọ́n ń bi ló ni ẹnu, ìwọ lo ni ikùn, ìwọ ni wàá sì mú un. Òyìnbó ní gbólóhùn tirẹ̀ tí adájọ́ ń kà láti inú ìwé, èyí tó túmọ̀ sí pé ilé ẹjọ́ fi àyè sílẹ̀ láti san owó dípò ẹ̀wọ̀n. Akọ̀wé kóòtù tó ń ṣe ògbufọ̀ á sáré wò ó, á sì sọ ọ́ di "tàbí". Kò jẹ̀bi; kò sí ọ̀rọ̀ tó kúrú jù ú lọ. Àmọ́ etí Yorùbá gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní kí èèyàn wá mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Ta ló ń yan ẹ̀wọ̀n? Àpò ló ń yàn án fún un.

Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí nínú ìtàn ni pé láàárín owó àti ẹ̀wọ̀n, nǹkan kẹta kan wà tí "tàbí" kì í dárúkọ. Ọjọ́ ni nǹkan náà. Kí wọ́n dá ọjọ́ fún èèyàn kó lọ wá owó. Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí "dá" bá pàdé "ẹjọ́", ó di "dájọ́", bí "dá" bá pàdé "ọjọ́", "dájọ́" náà ni. Ìró kan náà, ohùn kan náà, ìtumọ̀ méjì. Èmi kò sọ pé àwọn baba wa fi ọgbọ́n ṣe é o. Ìpàrójẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n nínú ìṣe wọn, méjèèjì kì í jìnnà síra.

Kí òyìnbó tó dé, bí ìdájọ́ bá bu owó lé ẹnì kan lórí, owó ẹyọ, ewúrẹ́, ọtí, ohun yòówù, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹbí ni wọ́n ń wò. Ẹbí á dáwó. Bí ẹbí kò bá ní, wọ́n á yá a, wọ́n á sì fi ẹnì kan ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà á máa lọ ṣiṣẹ́ fún olówó lákòókò tí wọ́n bá jọ fi àdéhùn sí, á sì ní àkókò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àgbàlagbà ìwọ̀fà lè máa sùn sílé ara rẹ̀. Ó lóko, ó láya, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan. Òmìnira rẹ̀ kò tán. Apá kan nínú àkókò rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa fi oyin sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé lásán ló ń san. Ojú owó kì í fi kọ́bọ̀ dín, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹlòmíràn fi ọmọ rẹ̀ ṣọfà nítorí ẹjọ́ tí ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ọmọ náà sì dàgbà sílé olówó. Ní ayé òwò ẹrú, a mọ̀ pé wọ́n ta àwọn kan nítorí gbèsè, ojú kò sì tún kàn wọ́n mọ́. Ààfin ọba pàápàá ní ibi tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Yorùbá àtijọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ túbú, ẹ ní kó lọ jókòó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn gbèsè wa ni ti ológò. Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó kọ parí ní 1897 tí wọn kò tẹ̀ títí di 1921. Bí onígbèsè bá jẹ̀bi tí kò san, olówó á lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbára ìlú kí wọ́n fún un ní ológò. Ológò á wọlé onígbèsè, á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa bú ẹni tó bá rí, á gbé adìẹ tó bá tọwọ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n sè é fún òun, kò sì ní lọ títí wọn ó fi san. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dídógò ti èèyàn. Ẹbí tí kò fẹ́ dáwó lánàá, bí ológò bá ti pa adìẹ kẹta, wọ́n á rí owó.

Nígbà tó yá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ wa sọ iṣẹ́ ológò di ti ara wọn. Gbólóhùn tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ló di orúkọ wọn: "Òṣòó ni máa ló títí máa fi gbowó mi." Òṣómàáló. Gbólóhùn odindi tó di ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe.

Ẹ wo ohun tó pa ológò, òṣómàáló àti ìwọ̀fà pọ̀. Owó ṣì jẹ́ owó títí dé òpin. Ìtìjú, ariwo, òógùn ojú, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ owó ṣì wà níbi tó ti lè rí owó. Kò sí ẹni tó gbé e lọ síbi tí kò ti ní lè ṣiṣẹ́, kó wá máa retí pé yóò san.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó gbé Èkó fún ọba obìnrin England. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà, òfin kẹta ọdún 1863 ní kí òfin England máa ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní 1876 wọ́n dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street dé ní 1882. Ògiri amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n, nígbà tó di 1885 wọ́n kó bíríkì wá láti England. Inú ọgbà yẹn ni Herbert Macaulay ti ṣẹ̀wọ̀n, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́. Wọ́n wó o ní 1979. Láti 2010 ó ti di Freedom Park, níbi tí àwọn ọmọ yín ń lọ gbọ́ orin tí wọ́n sì ń jẹ ẹja yíyan.

Àsìkò yìí náà ni ọ̀rọ̀ "ẹ̀wọ̀n" gba ipò túbú mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin tí wọ́n so kọ́ra ni ẹ̀wọ̀n látilẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ní Odùduwà fi rọ̀ wá sílé ayé. Bíbélì Yorùbá sì ń pe ibi tí wọ́n ti Jósẹ́fù mọ́ ní túbú. Orúkọ irin ló wá di orúkọ ilé, nígbà tó sì yá ó di orúkọ àkókò: "ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà." Ẹ̀wọ̀n tí à ń fi oṣù wọ̀n! Àwọn tó so irin mọ́ Odùduwà kò lè lóye gbólóhùn náà.

Kí la gbà lọ́wọ́ England gan-an? Ní 1824, wọ́n ti John Dickens, bàbá Charles Dickens tó ń kọ ìtàn, mọ́lé ní Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí £40 àti ṣílè mẹ́wàá tó jẹ oníbúrẹ́dì. Ọmọ náà, ọdún méjìlá, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oje dúdú tí wọ́n fi ń kun bàtà. Ní 1869 wọ́n ṣòfin tó mú ọ̀pọ̀ onígbèsè kúrò lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n owó ìtanràn dúró síbi tó wà. Ẹni tí kò bá rí i san lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ìgbà tó di 1898 ni òfin gbà pé bí ẹlẹ́wọ̀n bá san díẹ̀ nínú owó náà, kí ọjọ́ rẹ̀ dín ní ìwọ̀n iye tó san. Lẹ́yìn ìyẹn, Winston Churchill, nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní 1910, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu sí i pé ìwà wèrè ni láti máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà lọ sẹ́wọ̀n nítorí ṣílè bíi mélòó kan tí wọ́n lè san bí wọ́n bá rí ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin 1914 ní kí ilé ẹjọ́ máa dá ọjọ́ fún wọn. Iye àwọn tó ń wẹ̀wọ̀n nítorí owó ìtanràn sì já wálẹ̀ gidigidi.

Ọdún 1914 kan náà ni wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Ohun tí England kọ́ nípa àwọn tálákà tirẹ̀ wọ òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà ní 1945: adájọ́ lè dá ọjọ́, ó lè ní kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, apá tí èèyàn bá san á sì dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù. Ó wà nínú ìwé láti ìgbà náà. Òfin àpapọ̀ ti 2015 tún gbé e jáde.

Nígbà ogun Hitler, àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó ti mọ ohun tí kóòtù lè fi owó ọjà ṣe. Láti 1941, Captain Pullen ń bá ìjọba ṣètò iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta gàrí àti oúnjẹ mìíràn, ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń fojú ba kóòtù. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kò, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, kò gbà fún un. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí iye tí ìjọba fi lélẹ̀ bá kéré sí iye tí alátẹ fi ra ọjà wá, owó ìtanràn ti di owó orí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ètò Pullen kò pé ọdún méje tó fi wọlẹ̀.

Ká padà sí ti ayé wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Olúbùnmi Túnjí-Òjó, kéde pé wọ́n ń tú ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Gbogbo wọn ló ti gba "tàbí" ní kóòtù, tí wọn kò rí owó náà san. ₦585 mílíọ̀nù ni àwọn ọlọ́rẹ àti ilé iṣẹ́ dá láti san án fún wọn. Mo pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦144,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí àwọn tó dáwó, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ni pé, nínú àwọn 4,068 yìí, àwọn mélòó ni ẹnikẹ́ni sọ fún ní èdè abínibí wọn, lọ́jọ́ ìdájọ́, pé òfin gba kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́? Ìjọba ń bọ́ wọn, wọ́n ń sùn nínú ọgbà tí kò gba iye èèyàn tó wà níbẹ̀ (èèyàn bí 800 ni wọ́n kọ́ ọgbà Ìkòyí fún), àtẹ wọn sì ti ṣófo. Ẹbí tó yẹ kó dáwó ń ná owó ọkọ̀ lọ kí wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Prof, bí wọ́n bá ń dá ọjọ́ fún wọn, ṣebí wọ́n á sá lọ ni." Àwọn kan á sá, lóòótọ́. Amẹ́ríkà ti ronú sí èyí. Ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n ní kí ọ̀gbẹ́ni Bearden san $750, owó ìtanràn àti owó ìdápadà. Ó yá $200 lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san án. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún àwọn aláṣẹ pé $550 tó kù á pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kò tọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá kò fẹ́ san ni, àbí kò rí i san. Àwọn ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà fún ti àkọ́kọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, tí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ń kó jọ sí nílé, ẹ má tìtorí pé kò sówó kẹ́ ẹ sá fún kóòtù. Ọjọ́ tí ẹ kò yọjú ni wọ́n fi ń kọ̀wé pé kí wọ́n mú yín.)

Nílé níbí, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, lọ́jọ́ náà gan-an, pé ẹ kò ní in lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ lè mú wá lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìkan yẹ̀, nítorí bí ìkan bá yẹ̀, gbogbo èyí tó kù ló di sísan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí i pé yóò yẹ̀, ẹ tètè padà lọ sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá sì ti di ẹ̀wọ̀n, ẹbí kò gbọ́dọ̀ máa dúró títí owó á fi pé. Ká ní ẹ̀wọ̀n ọgọ́ta ọjọ́ ló dúró fún ₦60,000, ẹni tó bá san ₦40,000 ti mú ogójì ọjọ́ kúrò. Inú ọ́fíìsì tó ń gbowó kóòtù ni kí ẹ ti san án, kí ẹ gba rìsíìtì. Bọ̀ọ̀dá tó dúró sẹ́nu géètì tó ní òun mọ ẹnì kan nínú, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Ohun kan tún wà tí mo rí pé ìtàn ti yí padà sí rere. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó, ti 2007, ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyá nítorí ọmọ tàbí ìyàwó nítorí ọkọ. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè lásán. Síbẹ̀, ẹ ṣì ń rí olówó tó ń kó ọlọ́pàá lọ sílé onígbèsè. Ológò ni wọ́n ń wá, wọn kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ni.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ wà nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù (mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ díẹ̀) ni pé kí ẹ fi "tàbí" yẹn sílẹ̀. "Bí" ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ adájọ́ kó fún yín láyè, kí ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ilé ẹjọ́ ní kí ẹ san ₦90,000. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín, tàbí kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ẹ kò san, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni." Mo kà á sókè, mo sì wo aago. Kò gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ.